Ẹni Tó Dúró Níwájú Ló Ni Ohùn

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn ọmọbìnrin kan wá bá mi. Akọrin ni wọ́n, wọ́n fẹ́ kí n kọ́ wọn bí a ti í dúró níwájú èrò. Wọ́n ti gbọ́ pé èmi náà kọrin wákà rí ní Kùmásì, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ náà ní Góòlù Kóòsì. Mo fún wọn lómi, mo kọ́ wọn lóhun tí mo mọ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Inú mi kò dùn lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán. Gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn yẹn, obìnrin kan ló kọ́ mi, ohun kan náà ló sì fi gba nǹkan mi lọ lójú mi báyìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fáwọn ènìyàn pé mo ti dárí jì í. Irọ́ ni mò ń pa. N kò dárí jì í.

Asafo, àdúgbò kan ní Kùmásì, ni wọ́n bí mi sí, nítòsí ibùdókọ̀ àwọn lọ́rì. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ó ń ta dígí, ìyarun, àgádágodo àti abẹ́rẹ́ nínú ọjà. Èmi kò dé Ògbómọ̀ṣọ́ rí nígbà náà. Nígbà tí mo dàgbà, mo lọ sílé ọkọ ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò Mùsùlùmí. Télọ̀ ni ọkọ mi, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n bí sí Kùmásì bíi tèmi. Twi ló fi ń bá ènìyàn jà, Hausa ló fi ń ná ọjà, Yorùbá ló sì fi ń lálàá, torí mo máa ń gbọ́ ọ bó bá ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Láyé ìgbà yẹn, kò sí ayẹyẹ Mùsùlùmí Yorùbá kan ní Zongo tí wákà kì í sí níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti Mẹ́kà dé, bí wọ́n bá ń so yìgì, bí ọmọ bá parí Kùránì, àwa obìnrin ni wọ́n máa ń pè. A kì í lu ìlù. Sẹ́lí la ń lù, ìyẹn àwo irin pẹlẹbẹ tí a so irin wẹ́wẹ́ mọ́ létí, a ó máa gbá a mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Olórí á dúró níwájú, á dá orin. Àwa ẹlẹ́gbè á tò sẹ́yìn rẹ̀, a ó máa gbè é. Ẹni tí kò bá mọ wákà lè rò pé ohùn nìkan ni iṣẹ́ olórí. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ayé ì bá ti dára fún mi.

Ìyá là ń pe olórí tiwa, láìfi orúkọ kankan kún un. Ó ń ta obì góòrò nínú ọjà, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Obìnrin kúkúrú ni, kò sanra. Bí o bá bá a nídìí ọjà rẹ̀, o lè bi í pé níbo ni ọ̀gá rẹ̀ lọ. Àmọ́ bó bá ti dé iwájú agbo, àwọn ọkùnrin tó ga tó òpó á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn ó jókòó sí.

Mo wò ó dáadáa, mo sì mọ bó ṣe ń ṣe é. Kì í bẹ ẹnikẹ́ni pé kó dákẹ́. Á dúró, á tún mayafi rẹ̀ ṣe, ìyẹn ìborùn funfun gígùn tí gbogbo obìnrin Zongo ń fi bora, á wá wá ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀. Á tẹjú mọ́ onítọ̀hún. Kò ní bínú, kò ní rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ojú bá ti ọkùnrin náà, tó dákẹ́, Ìyá á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á fi oríkì rẹ̀ kí i, gbogbo agbo á wá dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ bóyá tiwọn ló kàn. Bẹ́ẹ̀ ni orin á ṣe bẹ̀rẹ̀.

Kì í bojú wẹ̀yìn wò wá. Bó bá gbé gìgísẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ orin náà ń parí lọ. Bó bá fa etí mayafi, kí á tún un gbè. Bó bá fọwọ́ sí ìbàdí, kí á rẹ ohùn sílẹ̀, ó fẹ́ ki ẹnìkan nìyẹn. Ó máa ń sọ fún wa pé, "Olórí tó bá ń bojú wẹ̀yìn, ó ń sọ fáwọn èèyàn pé òun ò mọ̀ bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé òun." Títí dòní, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nípa ipò olórí tó jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ mo sì ti gbọ́ àwọn olóṣèlú.

Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú gan-an, ohùn Ìyá há. A rò pé ikọ́ ni. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, ohùn kò padà. Bó bá lanu báyìí, ohun tó ń jáde kò ju bí ìgbà tí ènìyàn ń fa ẹní nílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń pe ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn mìíràn. Ní ọjọ́ kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, Ìyá ránṣẹ́ pè mí sí yàrá rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí n kọ orin kan fún òun, kí n kọ ọ́ bí ẹni pé n kò rí òun.

Mo kọ ọ́. Ó dijú títí tí mo fi parí rẹ̀.

"Ohùn tìẹ ju tèmi lọ," ó ní. "Nígbà tí mo wà lọ́mọge gan-an, n kò ní irú èyí."

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá."

"Dìde. Mepa wo kyɛw, jọ̀ọ́, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. N kì í bẹ ọmọdé, àmọ́ mò ń bẹ̀ ọ́ lónìí. Bí mo bá kúrò níwájú báyìí, ẹgbẹ́ yìí á tú, a ò ní rí ẹni tó máa kó o jọ mọ́. Wá máa dúró sí ẹ̀yìn mi gẹ́lẹ́. Ìwọ ni kó o máa dá orin. Èmi á máa mi ẹnu lábẹ́ mayafi. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ padà sílé, èmi fúnra mi ni n ó fà ọ́ lọ́wọ́ wá síwájú. Wallahi, iwájú yìí, tìẹ ni."

Mo gbà. Ta ló máa kọ̀? Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ràn àwọn tó bí mi lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Iwájú náà sì wù mí. Ó wù mí débi pé mo máa ń dúró sáàárín yàrá mi lọ́sàn-án, n ó tẹjú mọ́ aṣọ tí ọkọ mi gbé kọ́ ògiri, n ó máa kí aṣọ náà bí ẹni pé alága ayẹyẹ ni. Àgbójúlógún fi ara rẹ̀ fún òṣì ta. Mo mọ òwe yẹn dáadáa, n kò kàn rò pé èmi ni wọ́n ń bá wí ni.

Ẹ má rò pé Ìyá ló ń tẹ̀ lé mi o. Èmi ni mò ń tẹ̀ lé e. Èjìká rẹ̀ ni mò ń wò. Bó bá mí sínú tí èjìká náà gbé sókè, mo gbọ́dọ̀ wọlé pẹ̀lú orin; bó bá rọ ọrùn sí apá òsì, mo gbọ́dọ̀ fa ohùn gùn. Nígbà mìíràn, á ṣàdédé dúró láàárín orin, á nawọ́ sí ẹnìkan, èmi á sì ní láti mọ ẹni náà, mọ ilé tó ti wá, kí n ki í kó tó gbé ọwọ́ náà sílẹ̀. Láàárín ìgbà díẹ̀, mo mọ ẹ̀yìn obìnrin yẹn ju bí mo ṣe mọ ojú rẹ̀ lọ.

Àwọn ẹlẹ́gbè mọ̀. Báwo ni wọn ò ṣe ní mọ̀ nígbà tí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí wọn? Obìnrin tó dàgbà jù láàárín wọn, tó ń lu sẹ́lí àkọ́kọ́, sọ fún wa pé bí a bá bo àṣírí àgbà, Ọlọ́run á bo tiwa. Gbogbo wa ṣe àmín. N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ nígbà náà.

Ìròyìn kan gbogbo Zongo pé ohùn Ìyá ti padà. Wọ́n ní àdúrà ló gbà. Wọ́n ní ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé Ọlọ́run ló sọ ọ́ di ọmọge lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ sí Adum, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá wà, lọ́jọ́ kan láti lọ ra òwú fún ọkọ mi, mo bá àwọn obìnrin méjì ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan ń fi ẹnu kọ orin wa, ó fa ibi tí mo máa ń fà gùn yẹn gẹ́lẹ́, ó wá sọ fún èkejì pé, "Ohùn Ìyá yìí, bó bá wọ etí mi, ara mi a máa gbọ̀n rìrì." Mo sanwó òwú, mo jáde. Inú mi dùn, ó sì tún ń dùn mí. Nígbà tí mo délé tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó gé òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́, ó ní, "Ìwọ ń gbin iṣu, wọ́n ń kí ẹlòmíràn kú iṣẹ́ oko." Mo bínú sí i. Mo ní kò mọ ohun tó ń sọ.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé. Bàbá kan ti Mẹ́kà dé, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lọ háyà ẹ̀rọ náà ní Adum. Wọ́n gbé fèrè ńlá kọ́ orí igi máńgòrò, wọ́n sì fi irin kékeré tó ní okùn gígùn lé Ìyá lọ́wọ́ pé ibẹ̀ ni kó máa kọrin sí. Bí ẹ̀rọ náà bá gbé ohùn rẹ̀, gbogbo Zongo á gbọ́ ẹní tí wọ́n ń fà nílẹ̀. Bí èmi bá sì kọrin láti ẹ̀yìn, kò ní gbé tèmi.

Ìyá kò bojú wẹ̀yìn. Ó na ẹ̀rọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ báyìí, bí ìgbà tí àgbà bá na ife fún ọmọdé pé kó bá òun dì í mú. Ọlọ́run ló ní kó yé mi. Mo jáde kúrò nínú ìlà, mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀rọ náà, mo gbé e sókè sí i bí ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ dì í mú. Mo fa mayafi mi bo orí. Lábẹ́ mayafi náà, ẹnu mi ni ẹ̀rọ náà sún mọ́. Ìyá nawọ́ sókè, èjìká rẹ̀ gbé, mo sì dá orin.

Bí mo bá pẹ́ láyé títí ewú yóò fi tán lórí mi, n kò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Ohùn mi jáde lórí igi máńgòrò, ó tóbi, ó mọ́, ó gba orí òrùlé kọjá lọ. Àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró. Bàbá Àṣáńtì kan tó jẹ́ àlejò àwọn tó ń ṣayẹyẹ ń mi orí, ó ń wí fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Maame yi deɛ, ɔnim dwom paa," pé ìyá yìí mọ orin gidi. Nígbà tí a parí, wọ́n dìde fún Ìyá. Wọ́n yin èmi náà o. Wọ́n ní, ẹ wo ọmọ tó mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ẹ wo bó ṣe kúnlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn obìnrin kan fi mí ṣàpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn.

Láti ìgbà náà lọ, bí a ti ń ṣe é nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ pè wá ló ń háyà ẹ̀rọ, èmi á sì kúnlẹ̀. Orúnkún mi le bí awọ bàtà. Bí ó bá ti sú mi, mo máa ń rán ara mi létí ìbúra tí Ìyá búra nínú yàrá rẹ̀.

Ó sì mú ìbúra náà ṣẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀ wálé, àgbà ti dé sí i. Ó pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́ dìde lójú gbogbo wọn, ó ní èmi ni olórí láti ọjọ́ náà lọ. Mo sunkún. Ó ní ìgbéyàwó kan tó kù ní Asafo, òun kò ní kọrin níbẹ̀. Òun á jókòó sáàárín àlejò, òun á máa wò mí, kí òun tó wọ lọ́rì lọ sílé.

Ọkọ mi rán búbà tuntun fún mi. Nígbà tó di ọjọ́ ìgbéyàwó náà, mo dúró níwájú. Mo tún mayafi ṣe. Mo wá ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ jù, mo tẹjú mọ́ ọn títí ó fi dákẹ́, mo kí i. Gbogbo agbo pa rọ́rọ́. N kò bojú wẹ̀yìn. Mo gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu, mo sì fi ohùn mi dá orin, ohùn tí mo ti fi ń kọrin láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọdé ní ilé bàbá mi.

Wọ́n kọ́kọ́ wo ara wọn. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ láti apá ibi tí àwọn ìyàwó ilé jókòó sí: "Ó ń sín Ìyá jẹ." Ọ̀rọ̀ náà tàn ká. Mo rò pé bí mo bá fa ohùn gùn wọ́n á gbàgbé. Mo fà á gùn ní ibi tí mo ti máa ń fà á, ìyẹn ló sì ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó na ọ̀pá rẹ̀ sí mi.

"Astaghfirullah. Dá orin yẹn dúró. Ṣé Ìyá kú ni? Ó jókòó síbí, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ìwọ dúró síwájú rẹ̀ ò ń sín in jẹ? Ṣé bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ nílé nìyẹn? Ṣebí ìwọ lo máa ń kúnlẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀?"

Àwọn ẹlẹ́gbè kò gbè é. Mo bá bojú wẹ̀yìn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn sẹ́lí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ okùn náà kò tú. Àwọn yòókù ń wo ilẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohùn mi ni."

Àwọn ènìyàn hó. Wọ́n ní ẹ gbọ́ o, wọn ò tíì gbé Ìyá wọ lọ́rì, ó ti ń jogún ohùn rẹ̀. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, mo sì mọ̀ pé ẹnìkan ṣoṣo ló kù tó lè sọ òótọ́ náà. Mo wo Ìyá.

Ó ti dìde. Kò yára. Ó tún mayafi rẹ̀ ṣe, ó wo bàbá tó na ọ̀pá sí mi náà títí tí ọ̀pá fi wálẹ̀, gbogbo agbo sì dákẹ́ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ kan. Ohùn rẹ̀ há bó ti máa ń há, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́ ọ, wọ́n rò pé ìbànújẹ́ ìdágbére ló ń ṣe é.

"Ẹ má bá a wí," ó ní. "Ọmọ mi ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ mi, ohùn mi ti wọ̀ ọ́ lára, kò mọ̀ pé òun ń ṣe é ni. Kò sí ọmọ tí kì í ti ara ìyá rẹ̀ kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ fi í sílẹ̀ nítorí mi, á bọ́ lára rẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo wá irọ́ níbẹ̀, n kò rí i. Ì bá tù mí lára ká ní ó ń parọ́. Ó ti dúró níwájú ohùn náà pẹ́ débi pé ó ti gbà pé tòun ni. Ó rántí yàrá rẹ̀ bí ibi tó ti kọ́ mi lórin. Àánú mi ló ń ṣe é, àánú tòótọ́, omi sì wà lójú rẹ̀.

Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí ó má bínú sí mi. Ìyá gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó bá mi gbàdúrà níwájú gbogbo wọn, ó ní kí Ọlọ́run ṣíjú àánú wò mí, kí ó fún mi ní ohùn tèmi. Gbogbo agbo ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín.